Dúdú Inú Agbada Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

Ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Lẹ́yìn tí mo mẹ́nu kan agbada ìyá ọkọ mi ní ojú ewé yìí lóṣù tó kọjá, lẹ́tà ya wọlé bí àgbàrá òjò, láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ìsarà. Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Àwọn tí ìbéèrè wọn jọra, mo mú ẹyọ kan nínú wọn. Irin ni ọ̀rọ̀ wa lónìí: irin tí wọ́n yọ́ dà, àti irin pẹlẹbẹ tí wẹ́dà jó pọ̀ ládùúgbò.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìyá ọkọ mi fún mi ní agbada irin ńlá kan tí wọ́n ti fi ń dín àkàrà tipẹ́tipẹ́. Ó dúdú bí èédú. Ọjọ́ méjì ni mo fi fọ̀ ọ́ pẹ̀lú iyanrìn, ọṣẹ àti kànrìnkàn onírin, títí ó fi ń dán. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí mo bá dín ló ń lẹ̀ mọ́ ọn, bí ilẹ̀ bá sì mọ́ mo máa ń bá a pé ó ti dípẹtà. Kí ni mo ṣe tí kò dára? Ìyàwó Tuntun, Ṣàgámù.

Ìyàwó wa, fọkàn balẹ̀. Ohun tó o ṣe yìí, èmi náà ti ṣe é. Ọdún 1981 ni mo wọ ilé ọkọ ní Ìpẹru. Aláṣọ ni ìyá tó bí mi lọ́mọ, ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sì sí ohun tó kórìíra tó ìkòkò tó dúdú. Iyanrìn àti eérú la fi ń ha ìkòkò nílé wa. Bí ìdí ìkòkò ò bá tíì dán débi tí oòrùn á fi máa ta yanran lára rẹ̀, a ò tíì fọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ ilé ni, mo sì gbé ẹ̀kọ́ ilé náà dání dé Ìpẹru.

Ìyá ọkọ mi ń dín àkàrà níwájú ilé láràárọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, mo jí lóru, mo gbé agbada rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, mo fi àpáàdì àti iyanrìn ha á títí àkùkọ fi kọ. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Nígbà tó da àkàrà àkọ́kọ́ sínú epo, kò léfòó. Ó rì, ó jókòó sí ìdí agbada. Ó fi ṣíbí oníhò yí i. Ìdajì gòkè, ìdajì wà nísàlẹ̀ bí ohun tí wọ́n fi àtè lẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó fẹ́ ra àkàrà dúró dúró, wọ́n lọ. Kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn ní, “Aya mi, epo ogún ọdún lo fọ̀ dànù yẹn.” Gbólóhùn yẹn ò tíì kúrò létí mi di òní olónìí, òun ló sì jẹ́ kí n máa kọ èyí.

Dúdú méjì ló wà lára agbada. Dúdú ẹ̀yìn, èéfín igi ni. Bó o bá fi ìka kàn án, á yí ọ lọ́wọ́. Ìyẹn, ha á bó o ṣe fẹ́. Dúdú inú, òróró ni. Òróró tí iná bá mú dáadáa lára irin kì í ṣe òróró mọ́. Ó máa ń so kọ́ ara rẹ̀, á gan mọ́ irin, á sì di awọ líle tí omi ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Wo ẹ̀gbẹ́ sítóòfù rẹ níbi tí òróró ti ta sí, tó ti gbẹ, tó di pupa rúsúrúsú tí ọṣẹ ò sì ràn án mọ́: ohun kan náà ni. Awọ yìí ni kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀, òun náà ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn àti omi dé ara irin kó dípẹtà. Nígbà tí àwọn àgbà ń sọ pé inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde, mi ò rò pé ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni wọ́n ń sọ. Wọ́n mọ ìkòkò.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le, sùúrù ló gbà. Ìyá ọkọ mi ń pè é ní kí agbada mu epo. Ha ìpẹtà kúrò, fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó o gbé e kaná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ títí omi yóò fi gbẹ tán lára rẹ̀. Má gbé e sínú oòrùn pé kó gbẹ fúnra rẹ̀, torí kó o tó padà débẹ̀ ìpẹtà ti gbà á. Nígbà tó bá gbóná débi tí ọwọ́ ò fi lè dúró lára rẹ̀, gbé e sọ̀, ta òróró bíi ṣíbí kan sí i, kó o fi àkísà òwú pa á kárí, inú, ẹnu, ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà mú àkísà mìíràn tó gbẹ, kó o nù ún kúrò.

Ibí yìí ni ìyá ọkọ mi ti di ọwọ́ mi mú. Mo rò pé mo ti nù ún tó. Ó ní bí iná fìtílà bá ṣì ń dán nínú epo náà, ó ti pọ̀ jù. Ó gba àkísà lọ́wọ́ mi, ó ká a mọ́ ìka mẹ́ta, ó ń fi í nu inú agbada yíká yíká, láti ìdí bọ̀ sí ẹnu, títí ó fi dà bí ohun tí ẹnikẹ́ni ò fi epo kàn rí. Ìgbà náà ló tó gbé e padà sórí iná.

Ìta gbangba ni kó o ti ṣe é, torí èéfín máa rú. Jẹ́ kó rú títí yóò fi dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, kó o sì máa yí agbada náà kí iná lè dé gbogbo ara rẹ̀. Àwọ̀ irin á kúrò ní funfun, á pọ́n bí ẹ̀pà yíyan, á wá máa dúdú bọ̀. Jẹ́ kó tutù, kó o tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kéré jù; ẹ̀ẹ̀mẹfà ló máa ń tẹ́ mi lọ́rùn. Bí ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì bá wà nítòsí yín, bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kó o dojú agbada náà dé sínú ààrò rẹ̀ fún wákàtí kan lẹ́yìn tó bá ti kó búrẹ́dì jáde. Ooru bíi 200 sí 250 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ààrò búrẹ́dì sábà máa ń ní in, ooru rẹ̀ sì máa ń kárí ju ti igi lọ.

Ní ti òróró, sóyà ni mo fọwọ́ sí jù, òróró ẹ̀pà tẹ̀ lé e. Epo pupa àti àdín ò yára gan. Ṣé ẹ rí bí àdín ṣe máa ń dì nígbà ọyẹ́? Irú epo tó ń dì bẹ́ẹ̀ kì í so kọ́ ara rẹ̀ dáadáa lórí irin. Ọ̀pọ̀ òróró tí wọ́n ń wọ̀n ní ìgò lọ́jà, epo ọ̀pẹ tí wọ́n ti yọ pupa rẹ̀ kúrò ni. Á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wàá fi kún iye ìgbà. Tó o bá parí, àkàrà àti dùndú ni kó o máa fi agbada náà dín fún oṣù àkọ́kọ́. Má gbé ọbẹ̀ tòmátì sínú rẹ̀ rárá.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Gààrí ni mò ń yan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wẹ́dà kan ṣe agbada tuntun fún mi láti ara irin pẹlẹbẹ, owó ńlá ni mo san. Gààrí tí mo kọ́kọ́ yan nínú rẹ̀ dà bí eérú, àwọn oníbàárà mi kọ̀ ọ́. Ṣé kí n sọ agbada náà nù ni? Ìyá Ìbejì.

Ẹ kú ìnáwó mà, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ ọjà tó bàjẹ́. Ẹ má tíì sọ ọ́ nù.

Gààrí tiwa ní Ìjẹ̀bú le fún irin. Kíkan tí gbogbo ayé fi ń yìn ín, tó ń jẹ́ kó dùn nínú omi tútù pẹ̀lú ẹ̀pà lọ́sàn-án, ásíìdì ni. Gbágùúdá tá a rin, tá a fi sápò fún ọjọ́ mélòó kan ká tó yan án, ti kan gan-an. Bó bá bá irin tí kò ní awọ òróró pàdé, ó máa ń jẹ irin náà ni, irin tó jẹ yẹn ló wọ gààrí lára tó sọ ọ́ di eérú. Agbada àtijọ́ yín kò ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ti ní awọ. Bóyá ẹ ò mọ ìgbà tẹ́ ẹ fún un.

Ohun mìíràn tún wà lára irin tuntun. Irin pẹlẹbẹ dúdú máa ń ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú èèpo kan tó dúdú bíi búlúù, tó hù lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nínú iná. Ó jọ awọ tí mo ń sọ, ṣùgbọ́n òun kọ́. Bó pẹ́ bó yá, á máa ṣí ní wẹ́wẹ́, á máa bọ́ sínú oúnjẹ. Epo ẹ̀rọ náà tún máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ gbé agbada náà padà fún wẹ́dà, kó fi ẹ̀rọ ìharin rẹ̀ ha gbogbo inú rẹ̀ títí irin funfun yóò fi yọ. Kó ha ojú ibi tó ti jó o pọ̀ náà, kó tẹ́jú bí ibi tó kù. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín ra á kẹ́ ẹ tó gbà á. Ibi tó bá ṣe gbágungbàgun, ibẹ̀ ni gààrí á ti máa jóná.

Bẹ́ ẹ bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ bi í pé irin wo ló lò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fojú kéré ìbéèrè yìí. Páànù tí wọ́n fi síńkì bò, èyí tó ń dán tó sì ní àpá-àpá bí ìpẹ́ ẹja lára, kò yẹ fún oúnjẹ. Kíkan gbágùúdá á tú síńkì sínú gààrí. Bí iná bá sì le jù, síńkì á di èéfín. Àwọn wẹ́dà mọ èéfín yẹn dáadáa. Ẹni tó bá fà á símú níbi tó ti ń jó irú páànù bẹ́ẹ̀ lè sùn pẹ̀lú ibà lálẹ́ ọjọ́ náà. Òòfà ò lè bá yín dá a mọ̀, torí irin ló wà lábẹ́ síńkì, á fà á bákan náà. Ojú lẹ máa fi mọ̀ ọ́. Ti àgbá tí wọ́n gé sí méjì náà nìyẹn: bẹ́ ẹ ò bá mọ ohun tí wọ́n ti rọ sínú rẹ̀ rí, ẹ má fi yan ohun tí ọmọ ènìyàn máa jẹ. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é. Ọkàn mi ò gbà á.

Bó bá jẹ́ irin dúdú lásán, tó nípọn tó mìlímítà 3, owó yín ò ṣòfò. Ẹ fi òróró àti iná ṣe é bí mo ṣe sọ fún ìyàwó Ṣàgámù. Torí ó tóbi, orí ààrò tẹ́ ẹ ti ń yan gààrí gan-an ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú iná tó rọra ń jó. Lẹ́yìn èyí, ẹ mú gbágùúdá rírin díẹ̀ tẹ́ ẹ ò ní tà, ẹ yan án gbẹ, kẹ́ ẹ dà á nù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á gbá ohun tó kù nínú agbada jáde. Láràárọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi àkísà tó ti mu òróró pa ojú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Kò ní pa gààrí yín láwọ̀ dà. Bẹ́ ẹ bá ṣíwọ́, ọwọ̀ ni kẹ́ ẹ fi gbá a. Ẹ má da omi sí i, ẹ má sì jẹ́ kí gbágùúdá tútù sùn sínú rẹ̀.

Ṣé èèyàn lè fi ọṣẹ fọ agbada irin? (Ó tó ẹni mẹ́jọ tó bi mí.)

Ẹ lè fọ̀ ọ́. Ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ ò lè ṣe awọ tó ti gan dáadáa ní ohunkóhun. Ọṣẹ dúdú lẹ máa ṣọ́ra fún, torí omi eérú tí wọ́n fi ṣe é máa ń bó awọ òróró. Ohun tó ń pa agbada ju ọṣẹ lọ ni kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì.

Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí ìkòkò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan nínú yàrá ẹ̀yìn ilé bàbá bàbá mi ní Ìsarà. Ó wúwo, ó sì ti dípẹtà gan-an. Ọ̀rẹ́ mi ní irú ìkòkò irin tí wọ́n ń tà lọ́jà náà ni, pé kí n ra tuntun. Ṣé ó ṣe é tún ṣe? Ọmọ Rẹ́mọ.

Ọmọ mi, ọ̀rẹ́ rẹ ṣì í. Bó o bá wọ ọjà lónìí tó o ní ìkòkò irin lo fẹ́ rà, alumíníọ̀mù ni wọ́n á gbé fún ọ. Àwọn tó ń dà á máa ń yọ́ agolo àti àlòkù ẹ̀yà ọkọ̀, wọ́n á rọ ọ́ sínú iyanrìn. A kàn ń pè é ní irin ni. Ó fúyẹ́, kì í sì í dípẹtà láéláé. Níwọ̀n ìgbà tí tìrẹ ti dípẹtà, irin ni. Bó o bá ṣì ń ṣiyèméjì, tú òòfà tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, kó o fi kàn án: irin á fà á mọ́ra, alumíníọ̀mù á jẹ́ kó jábọ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí irú ìkòkò alumíníọ̀mù alálòkù bẹ́ẹ̀ ní Cameroon fi hàn pé òjé lè máa jáde lára rẹ̀ sínú oúnjẹ, nítorí náà, bí èmi bá jẹ́ ìwọ, mi ò ní fi ìkòkò bàbá mi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀.

Wo ara ìkòkò náà dáadáa. Wàá rí ìlà tín-ín-rín kan tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀yà iyanrìn tí wọ́n dà á sí ti pàdé ara wọn. Ọgbọ́n yẹn ti pẹ́ láyé: ọdún 1707 ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Abraham Darby gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí dída ìkòkò irin sínú iyanrìn.

Kó o tó ṣe wàhálà kankan, fi okùn so ó rọ̀, kó o fi igi kékeré kàn án. Bó bá dún bí agogo, ó yè. Bó bá dún bí ìgbà téèyàn lu igi tó ti jẹrà, ó ti sán níbì kan. Irin dídà kì í tẹ̀, ṣe ló máa ń là, torí èédú tó wà nínú rẹ̀ pọ̀, bí ìdá 2 sí 4 nínú 100. Wẹ́dà àdúgbò ò sì lè jó o pọ̀ kó dúró bí irin pẹlẹbẹ. Bó bá yè, iyanrìn ti wúlò nìyí: iyanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́, tàbí kó o pò fínígà mọ́ omi ní ìdọ́gba, kó o rẹ ẹ́ sínú rẹ̀ fún bí wákàtí kan, kó o yọ ọ́, kó o ha á. Má jẹ́ kó pẹ́ jù, torí fínígà tó bá jẹ ìpẹtà tán á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Lẹ́yìn náà, òróró àti iná. Láti ọjọ́ náà lọ, má ṣe da omi tútù sínú rẹ̀ nígbà tó bá gbóná. Ìṣẹ́jú kan péré ló ń gbà kó sán.

Àbúrò mi mú agbada irin pẹlẹbẹ ọlọ́wọ́ kan bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Mo fún un lépo bẹ́ ẹ ṣe wí, ṣùgbọ́n ó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ bí oje igi. Ìjẹ̀bú-Òde.

Epo tẹ́ ẹ fi sí i ló pọ̀ jù. Ẹ dojú rẹ̀ dé, kẹ́ ẹ tún gbé e sínú ooru fún wákàtí kan. Bó bá ṣì ń lẹ̀, ẹ ha á kúrò, kẹ́ ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ sì nù ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni wọ́n ti fún lépo nílé iṣẹ́ kó tó délé wa.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ mi lóyún, nọ́ọ̀sì sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó. Ẹnì kan ní kó máa se oúnjẹ nínú ìkòkò irin. Ṣé òótọ́ ni? Ìyá Àgbà, Ìkẹ́nnẹ́.

Òótọ́ wà nínú rẹ̀, mà. Ní Ethiópíà, wọ́n fún àwọn ìdílé kan ní ìkòkò irin, wọ́n fún àwọn mìíràn ní alumíníọ̀mù. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tó ń jẹun láti inú ìkòkò irin lọ sókè ju ti àwọn yòókù lọ. Ọdún 1999 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde. Oúnjẹ tó kan, bí ọbẹ̀ ata àti tòmátì, ló ń fa irin jáde jù. Ohun tá a bá dín nínú òróró kì í fà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kó má torí ìkòkò pa oògùn tí nọ́ọ̀sì fún un tì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wà nínú ilé tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, irin lè ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Kó bi dókítà kó tó máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́.

Ẹ mọ̀ pé kíkan ọbẹ̀ náà tó ń fa irin jáde, á máa jẹ awọ òróró pẹ̀lú. Mo gbà á bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń wá ẹ̀jẹ̀. Bí ọbẹ̀ bá ti jinná, kó bù ú sínú abọ́ mìíràn kíákíá, kó má jẹ́ kó sùn sínú irin, torí á dúdú, á sì máa ta bí irin lẹ́nu. Ìkọ́kọrẹ́ ni mo fẹ́ràn jù láti sè nínú tèmi. Bí omi ata àti epo bá ti ń hó, mo máa ń bu ewùrà rírin sí i ní kúlúkúlú, mi ò ní rò ó títí á fi dì. Irin máa ń di ooru mú débi pé mo lè gbé ìkòkò sọ̀ kó tó jinná tán, kí n dé e, ooru ara rẹ̀ á parí ìyókù. Lẹ́yìn oúnjẹ, kó fi omi gbígbóná àti kànrìnkàn rírọ̀ fọ̀ ọ́, kó gbé e kaná díẹ̀ kó gbẹ, kó fi àkísà olóróró pa inú rẹ̀, kó sì gbé e kọ́.